Iṣẹ́ abẹ ìsanrajù nílé ìwòsàn ìjọba: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Àṣàkẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àtọ̀gbẹ mú mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà ńlẹ̀ ṣáájú, orúnkún mi méjèèjì kò sì jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró sinmi. Mo ti ṣọ́ oúnjẹ jẹ, mo ti ń rìn, mo ti ṣe eré ìdárayá. Ohun tí mo bá sọ̀ lára kì í pẹ́ tó fi ń padà, á sì tún lé sí i. Dókítà mi sọ pé BMI mi, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ara sí gíga, ti di 41, pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń sọ agbẹ̀du di kékeré ló kù tó lè ràn mí lọ́wọ́ dáadáa, ó sì ní òun ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe é. Látìgbà náà mi ò gbúròó ẹnikẹ́ni. Owó ti ilé ìwòsàn aládàáni kọjá agbára mi. Àwọn kan ń sọ pé ìjọba kì í ṣe é fún èèyàn lásán, àfi téèyàn bá mọ ẹnìkan níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí lẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i ṣe ṣe? Kí ni kí n máa ṣe báyìí tí mo ń dúró?

Ìyá Ìbejì
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti ṣe tèmi, mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ títí dọjọ́ tí wọ́n fi gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe òótọ́. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé ìlà gùn, àti pé ọjọ́ tí dókítà rẹ kọ lẹ́tà kọ́ ni orúkọ rẹ wọ ìlà. Ó dìgbà tí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ bá ka lẹ́tà náà tí wọ́n sì gbà á. Àárín méjèèjì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọnù sí.

Torí náà, pè wọ́n. Má kàn pe ilé ìwòsàn lápapọ̀, ní kí wọ́n so ẹ́ pọ̀ mọ́ akọ̀wé ẹ̀ka náà gan-an. Bi í bóyá lẹ́tà rẹ ti dé, ẹni tó kà á, àti bóyá wọ́n ti gbà á tàbí ohun kan ṣì kù tí wọ́n ń retí. Kọ orúkọ ẹni tó dá ẹ lóhùn sílẹ̀, kọ ọjọ́ sí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi, gbólóhùn kan péré ni: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo obìnrin yìí, ó fẹ́ dín sísanra kù.” Ẹ̀ka náà dá a padà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọjọ́ tí mo lọ fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò míì ni nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì mi sílẹ̀ lórí tábìlì, mo wá rí lẹ́tà yẹn níbẹ̀, wọ́n fi pépà pẹlẹbẹ kan lẹ̀ ẹ́ lórí: “Àlàyé kò tó.” Gbogbo ìgbà tí mo fi ń rò pé mo wà lórí ìlà, inú fáìlì ni lẹ́tà mi wà.

Èmi àti dókítà la jọ jókòó kọ ìkejì. A kọ gíga mi, ìwọ̀n mi àti BMI. A kọ àìsàn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo oògùn àti ìwọ̀n tí mo ń lò, èsì àyẹ̀wò HbA1c tó gbẹ̀yìn (èyí tó ń fi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta hàn), iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà. A kọ gbogbo ọ̀nà tí mo ti gbà láti dín kù, bó ṣe pẹ́ tó, iye kílò tó lọ àti iye tó padà. A tún kọ ohun tí mi ò lè ṣe mọ́: mi ò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà, mi ò lè dúró dáná tán láìjókòó. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi pè mí.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Irú ẹ̀ka yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn gan-an la máa ń wá tá a bá ń yẹ lẹ́tà wò, kì í sì í pọ̀ nínú wọn.

Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti gbèǹdéke, ìyẹn BMI téèyàn gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó gbà á, torí ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ BMI ara rẹ̀, kó mú ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, kó fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, kó tún fi gíga kan náà pín ohun tó bá jáde. Ẹni tó wọn kílò 118 tó sì ga ní mítà 1.70, ó lé díẹ̀ ní 40. Láti 1991 tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ti gbé ìmọ̀ràn tiwọn jáde, 40 ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò, tàbí 35 tí àìsàn ńlá tó bá ìsanra rìn bá wà níbẹ̀. Ní 2022, ASMBS àti IFSO, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti lágbàáyé, sọ ọ́ di 35 kódà bí kò bá sí àìsàn míì, wọ́n sì ní kí a máa gba ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì láti 30.

Àmọ́ ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ dókítà kì í ṣe òfin ìnáwó ìjọba. Ilé ìwòsàn lè mọ̀ nípa ti 2022 kó sì ṣì máa fi ti 1991 yan èèyàn, torí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ibùsùn kò tó. Ẹ béèrè ìlànà tí ilé ìwòsàn yẹn ń lò, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ kà níbòmíì bá wọn jiyàn.

Nǹkan méjì míì tó ṣe pàtàkì fún yín. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, sọ pé kí wọ́n ro ti dídín gbèǹdéke kù pẹ̀lú 2.5 fún àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà, Caribbean, Éṣíà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, torí pé àtọ̀gbẹ máa ń tètè mú wa nígbà tí ìwọ̀n ara wa kò tíì pọ̀ tó ti àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá wà ní 38 tí wọ́n sọ fún pé kò tíì tó, kó béèrè nípa èyí. Ìkejì, ìlànà kan náà sọ pé kí wọ́n yára ṣàyẹ̀wò ẹni tí BMI rẹ̀ tó 35 tí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àtọ̀gbẹ bá ṣe pẹ́ lára tó ni agbára láti pèsè insulin, ohun tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣe ń tán tó. Ẹni tó bá tètè ṣe é ló ṣeé ṣe jù kí ṣúgà rẹ̀ padà sípò. Ọdún mẹ́ta lẹ ní tiyín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín kọ ọdún yẹn sínú lẹ́tà gàdàgbà.

Bàbá Tóbi
Ọmọ mi, ohun tí wọ́n sọ ti kún tó. Díẹ̀ ni tèmi.

Tí o bá ń han-anrun, tàbí tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn bá sọ pé èémí rẹ máa ń dúró lójú oorun, béèrè fún àyẹ̀wò oorun nísinsìnyí. Wọn ò ní kùn ẹ́ lóorun láìṣe é, àyẹ̀wò ọ̀hún sì ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ tán tí wọ́n tún ní kí wọ́n padà lọ tò fún àyẹ̀wò oorun pọ̀. Tí wọ́n bá rí i pé o nílò ẹ̀rọ CPAP, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni nímú lójú oorun, máa lò ó lóru, torí wọ́n lè yẹ àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ náà wò láti mọ̀ bóyá ò ń lò ó.

Sìgá, tí o bá ń mu ún, jáwọ́ ńbẹ̀ pátápátá. Kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jiná, ó sì ń fa ọgbẹ́ síbi tí wọ́n ti rán ìfun mọ́ agbẹ̀du. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò fún un, tí wọ́n bá sì bá a lára ẹ, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú.

Kí nọ́ńbà fóònù rẹ tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ èyí tó ń lọ. Fi tẹlòmíì kún un. Sọ fún akọ̀wé pé tí ẹnìkan bá yẹ ọjọ́ rẹ̀, ìwọ lè wá ní kánmọ́-kánmọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe pè mí: ibà mú ẹni tó kàn, mo ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tán, wọ́n fi mí sípò rẹ̀.

Àṣàkẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ ní kéèyàn lọ dín kù ná. Tí mo bá lè dín kù, kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀? Wọ́n sì ní wọ́n á mú mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí. Ẹnìkan tún ní kí n gbàgbé iṣẹ́ abẹ, pé abẹ́rẹ́ tó ń dín ìwọ̀n ara kù ti dé.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ “dín kù ná” yẹn. Ọ̀kan ni oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, tí ìyẹ̀fun àti ṣúgà inú rẹ̀ kéré. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra máa ń kún fún ọ̀rá, á wú bo agbẹ̀du mọ́lẹ̀, ojú ihò kéékèèké sì ni oníṣẹ́ abẹ máa gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ gbà wọlé. Tí kò bá rí ẹ̀dọ̀ gbé sókè, ó lè pa ihò dé láì ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣe ìyẹn bí wọ́n bá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é gẹ́lẹ́.

Èkejì ni pé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan máa ń fẹ́ kéèyàn kọ́kọ́ bá ẹ̀ka ìtọ́jú ìsanra lò pọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú débi tẹ́ ẹ máa pa ọjọ́ jẹ. Ẹni tó bá pa ọjọ́ méjì jẹ tẹ̀léra, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí ara yín kò bá yá lọ́jọ́ náà, ẹ pè ṣáájú. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá fi iye kílò kan lélẹ̀ pé àfi kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù kí wọ́n tó gbà yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìlànà tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín. ASMBS fúnra rẹ̀ ti sọ pé ètò ìdíyelófò kò gbọ́dọ̀ fi irú ọ̀ranyàn bẹ́ẹ̀ dí èèyàn lọ́nà.

Oníṣègùn ọpọlọ kò wá láti dá yín lẹ́jọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ tó wọra wà níbẹ̀ tó yẹ ká tọ́jú ṣáájú, bóyá ẹ máa ń jẹun lójijì láìlè dáwọ́ dúró, bí ọtí bá pọ̀, àti bóyá ẹnìkan wà nílé tó máa dúró tì yín. Ẹ sọ òótọ́. Ìbànújẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́ náà, òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí semaglutide, ọ̀kan lára àwọn abẹ́rẹ́ náà, tó jáde ní 2021, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 sọ bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn nù. Iṣẹ́ abẹ sábà máa ń mú bí ìdá 25 sí 30 lọ. Nígbà tí àwọn tó wà nínú ìwádìí yẹn sì dá abẹ́rẹ́ dúró, láàárín ọdún kan, ohun tó padà tó ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí wọ́n sọ nù. Tí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ń dúró, ẹ gbà á, àmọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: tí BMI mi bá já sílẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́, ṣé ẹ máa yọ mí kúrò lórí ìlà? Àwọn ẹ̀ka kan ń lo ìwọ̀n ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì.

Kọ́lá Onísùúrù
Wọ́n kọ̀ mí nígbà àkọ́kọ́, mo sì ti ṣe é báyìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tí wọ́n kọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má gba “rárá” tí wọ́n fi ẹnu sọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n sì sọ ìdí. Tó bá jẹ́ pé BMI ni, ẹ lè padà wá tí àìsàn míì bá hàn lórí àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ pé ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹ ní kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ ẹni tó lè tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ka náà kò gba èèyàn tuntun mọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara yín rárá, kí dókítà yín kọ sí ilé ìwòsàn ìjọba míì, pàápàá èyí tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ọ̀kan tó jìnnà lè ní ìlà tó kúrú ju èyí tó wà nítòsí lọ. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ tó ní ìdí nínú ni mo fi wọ ilé ìwòsàn kejì, torí ẹni tó kà á níbẹ̀ sọ pé ìdí yẹn kò sí nínú ìlànà tiwọn.

Ìyá Ìbejì
Èmi fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Kọ́lá. Nígbà tí ìlà bá gùn, àwọn kan á yá owó lọ ṣe é nílẹ̀ òkèèrè níbi tó ti rọjú. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ béèrè ẹni tó máa tọ́jú ẹ tó o bá padà délé. Gba ìwé iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ wọn, èyí tó sọ ohun tí wọ́n gé àti ibi tí wọ́n rán an mọ́, nítorí dókítà tó bá máa là ẹ́ lóru ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà ní láti mọ̀ ọ́n.

Àdùnní
Mi ò ṣe iṣẹ́ abẹ o, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é, èmi ni mo ń tẹ̀ lé e lọ. Ẹnìkan nínú ẹbí sọ pé ọ̀lẹ ló ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá irú wọn lóhùn. Ìwádìí kan jáde láti Melbourne ní 2011: àwọn èèyàn dín kù nípa oúnjẹ, lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn ohun tó ń ránṣẹ́ ebi nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ga, ebi ṣì ń pa wọ́n ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ara fúnra rẹ̀ ló ń wá ohun tó sọ nù padà. Àǹtí Àṣàkẹ́, ìwọ̀n tó ń padà sí yín lára kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ mú ẹnìkan dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa rí dókítà. Èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, torí ẹ̀rù kì í jẹ́ kó gbọ́ ìdajì.

Bàbá Tóbi
Irú èwo ni wọ́n ń ṣe ní ibi tìrẹ? Sleeve ni wọ́n ṣe fún mi, oúnjẹ wá ń ru padà sọ́nà ọ̀fun mi lóru. Ó yẹ kó o sọ tí irú rẹ̀ bá ti ń ṣe ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Bàbá ti sọ ibi tọ́rọ̀ wà. Sleeve ni kí wọ́n gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbẹ̀du sọ nù, kó ku èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí wọ́n gé kò ṣeé dá padà. Bypass ni kí wọ́n fi òkè agbẹ̀du ṣe àpò kékeré kan, kí wọ́n wá so ìfun kékeré mọ́ ọn. Sleeve lè dá oúnjẹ tó ń ru sókè sílẹ̀ tàbí kó mú un le sí i, bypass sì máa ń wò ó sàn. Bypass ló sábà máa ń ṣe àtọ̀gbẹ dáadáa jù. Àmọ́ lẹ́yìn bypass, ẹ ò gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, torí ọgbẹ́ inú. Àǹtí, nítorí orúnkún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tó bá jẹ́ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lẹ fi ń gbé e.

Ẹ̀rù ikú ń ba gbogbo èèyàn. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2009, nǹkan bí èèyàn 3 nínú 1,000 ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ìwádìí Sweden tí wọ́n ń pè ní SOS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, sì fi hàn ní 2007 pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ kì í kú tó àwọn tó sanra bíi tiwọn tí kò ṣe é. Síbẹ̀, tí ẹ bá délé, tí àyà yín ń lù kìkì láìdáwọ́ dúró, tí ibà dé, tí inú tàbí èjìká ń ro yín sí i, tí èémí kò délẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Èébì tí kò dáwọ́ dúró náà ńkọ́? Ó lè mú kí thiamine (fítámì B1) tán lára, ìyẹn sì ń ba ọpọlọ àti ojú jẹ́.

Títí ayé ni fítámì: B12, fítámì D, irin, kálísíọ̀mù. Ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò lọ́dọọdún, kódà tí ara bá le koko. Kẹ́ ẹ sì béèrè nísinsìnyí ẹni tó máa ń ṣe é nígbà tí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ bá tú yín sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù àwọn èèyàn nílé ìwòsàn ìjọba. Àwọn obìnrin tó ṣì lè lóyún, ẹ dúró oṣù 12 sí 18 kẹ́ ẹ tó gbà á láyè, ẹ má sì gbára lé oògùn oníhóró tí wọ́n fi ń dènà oyún lẹ́yìn bypass.

Àṣàkẹ́
Mo ti pè wọ́n. Lẹ́tà mi dé lóòótọ́, àmọ́ kò sí èsì àyẹ̀wò kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì ń retí rẹ̀, wọn ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé náà ṣe dáadáa sí mi. Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà kí á lè tún un kọ, mo ti tẹ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ jáde, ọkọ mi á bá mi lọ. Mo máa ń han-anrun o, torí náà mo máa béèrè àyẹ̀wò oorun lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ó ku ìbéèrè kan: tí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn bá dé, oògùn àtọ̀gbẹ mi ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ẹ káre! Inú mi dùn. Ẹ má dá ìwọ̀n oògùn yín dín fúnra yín, ẹ má sì máa lò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láìbéèrè. Tẹ́ ẹ bá ń lo insulin, tàbí oògùn tó ń fipá mú ara pèsè insulin bíi gliclazide àti glimepiride, oúnjẹ kékeré yẹn lè mú kí ṣúgà yín já sílẹ̀ lójijì, torí náà wọ́n máa ń dín in kù láti ọjọ́ kìíní. Àwọn tí orúkọ wọn parí sí “gliflozin” ní láti dúró ṣáájú iṣẹ́ abẹ, torí wọ́n lè mú kí ásíìdì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ṣúgà ga. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ náà ní láti di wíwò. Ẹ mú gbogbo páálí oògùn yín dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, kì í ṣe orúkọ wọn nìkan, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ èyí tẹ́ ẹ máa lò, èyí tẹ́ ẹ máa dín kù àti èyí tẹ́ ẹ máa dá dúró fún yín, pẹ̀lú ọjọ́ lára.